Tẹlifíṣọ̀n ínńṣì 32 tuntun àbí ínńṣì 43 tòkunbọ̀: èwo ni kí ẹ gbé wálé?

Ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Lágere. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó ń bi mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, owó kan náà ni wọ́n pe méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ínńṣì 32, tuntun nínú páálí. Èkejì jẹ́ ínńṣì 43, tòkunbọ̀, wọ́n ní London ló ti wá. Èwo ni kí n gbé?" Mò ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ńlá náà ni o! Ńlá náà ni!"

Mo ní kí wọ́n má tíì sanwó, pé mò ń bọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú ní Ilé-Ifẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ ni mo fẹ́ fi wọ́n wéra. Tuntun kékeré àti tòkunbọ̀ ńlá ni.

Ẹ jẹ́ ká fún tòkunbọ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kíákíá. Igun dé igun ni wọ́n ti ń wọn ínńṣì, nítorí náà 43 àti 32 ò fi ínńṣì 11 lásán jura lọ. Ojú ti 32 fẹ̀ tó ínńṣì 28, ó ga tó 16. Ti 43 fẹ̀ tó 37 àbọ̀, ó ga tó 21. Bí ẹ bá ṣírò ẹ̀, ojú èyí ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí kékeré. Ọ̀pọ̀ ínńṣì 32 olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ HD, ìyẹn pé àmì tíntìnrín tó para pọ̀ di àwòrán jẹ́ 1366 ní ìbú, 768 ní òró; ọ̀pọ̀ 43 ló jẹ́ Full HD, 1920 sí 1080. Bí àga yín bá jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fojú wá iye góòlù tí wọ́n kọ sókè lórí 32. Àmọ́ bó bá jẹ́ dẹ̀kódà olówó kékeré lẹ fi ń wò ó, ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń gbé jáde ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kùrùkùrù tí 32 bò mọ́ra, 43 á fi han gbogbo ará ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ ni mo ti dá àna mi dúró.

Mo ní kí wọ́n yí méjèèjì padà, kí n rí ẹ̀yìn wọn. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ló ní bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa ka bébà yẹn kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí (V ni fóòtì, agbára iná tó lè gbà) máa ń fara da ló-kọ́rẹ́ǹtì. Bí iná bá rọ̀ lálẹ́ tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń sùn, òun ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n kọ 220-240V sí ò ṣe é fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá stabilizer, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé, sí i. Èyí tí wọ́n bá kọ 120V nìkan sí, ti Amẹ́ríkà ni. 100V nìkan, ti Japan ni. Iná tiwa tó 230V, nítorí náà bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí transformer tó máa dín iná náà kù, èéfín ló máa kọ́kọ́ yọ. Bí ọlọ́jà bá ń búra pé London ni, tí bébà sì ń sọ pé 120V, ẹ ti mọ ẹni tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Orí bébà yẹn náà ni W wà, ìyẹn wọ́ọ̀tì tó ń jẹ. Ti 32 tuntun yẹn jẹ́ 40W, ti tòkunbọ̀ jẹ́ 80W. Ẹni tó ń lo iná nìkan lè sọ pé kí ló kan òun. Àmọ́ ínfátà kékeré tó ní bátìrì kan, 12V 100Ah (Ah ló ń sọ bí iná tó lè kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó), ni àbúrò mi ní. Bátìrì olómi tàbí oníjẹ́ẹ̀lì, wọn kì í jẹ iná inú ẹ̀ ju ààbọ̀ lọ bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́, ínfátà fúnra rẹ̀ á tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi 15W kún un fún dẹ̀kódà. 32 á wò fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án, 43 á wò fún bíi wákàtí márùn-ún. Àna mi dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ iye alẹ́ tí iná kì í dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan nínú tòkunbọ̀: èyí tó nípọn, tó wúwo bí ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì líle. Plasma nìyẹn. Àwòrán rẹ̀ lè dùn ún wò, mi ò ní parọ́, àmọ́ ó lè jẹ ju 200W lọ, ó sì ń gbóná bí ìkòkò. Ọdún 2014 ni Samsung àti LG ti ní àwọn ò ṣe é mọ́. Níbo lẹ ti fẹ́ rí ẹ̀yà ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo kórìíra tòkunbọ̀.

Mo ra ínńṣì 40 kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kan ni wáráńtì rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Ohùn ṣì ń jáde. A ń gbọ́ góòlù, a ò rí ẹni tó gbá a. Ọmọ ilé kejì gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó mú un sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an. Àwọn èèyàn kéékèèké ń sáré nínú òkùnkùn níbẹ̀, bí òjìji. Àwòrán ò kú. Ìmọ́lẹ̀ ló kú.

Ẹ̀yìn ojú tẹlifíṣọ̀n LED, irú pẹlẹbẹ tí mo rà yìí, ni àwọn gílóòbù tíntìnrín wà, wọ́n tò wọ́n sórí ọ̀pá pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ló ń tanná sí àwòrán láti ẹ̀yìn. Wọ́n sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn kan: bí ọ̀kan bá já, gbogbo ìyókù lè kú. Nígbà tí oníṣẹ́ tú tèmi, a rí i pé ẹnì kan ti tú u rí, ó ti fi wáyà àti òjé so ibi tó já pọ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ó ka ìka rẹ̀ lójú mi, ó ní, "Alàgbà, ọ̀sẹ̀ kan ti pé lánàá."

Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ wo tòkunbọ̀, mo máa ń mú fláàṣì lọ́wọ́. Fọ́tò funfun báláú kan wà nínú rẹ̀, òmíràn dúdú kirikiri. Orí funfun lẹ ti máa rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kú lọ. Orí dúdú lẹ ti máa rí àmì tó ń dán bí ìràwọ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí àwọn ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn skúrúù. Bí ẹnu wọn bá ti bó tàbí tí wọ́n ti ń dán, wọ́n ti tú u rí. Ẹ bá ọlọ́jà tàkúrọ̀sọ, kó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí àìsàn òmíràn kì í hàn àfi bó bá gbóná. Ẹ bèèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ àti rìmóòtì tirẹ̀ gan-an. Bí ọlọ́jà ò bá gbà, ẹ máa lọ.

Smart ńkọ́, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì? Bí ọlọ́jà tòkunbọ̀ bá ní smart ni, kó so ó mọ́ fóònù yín, kó ṣí YouTube níwájú yín. Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé smart máa ń darúgbó ṣáájú ojú. Lọ́dún 2015 ni YouTube ti kúrò lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní 2012 sẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá 2019, Netflix kúrò lórí àwọn Samsung àtijọ́ kan. Tuntun olówó pọ́ọ́kú náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: wọ́n lè kọ Netflix sára páálí kó má ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé. Dátà náà ò gbọdọ̀ jáde lọ́kàn yín. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan ní HD lè jẹ tó 3GB. Fún ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní ìlú yìí, dẹ̀kódà àti fláàṣì ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ohùn méjèèjì ò dára. Ẹ má jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀.

Ìdájọ́ mi rèé. Bí iná bá máa ń pẹ́ ní àdúgbò yín, tí pálọ̀ yín fẹ̀, tí ẹ sì ní oníṣẹ́ tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tòkunbọ̀ 43 tó bá yege níwájú fláàṣì lè fún yín láyọ̀ tí 32 ò lè fún yín. Bó bá jẹ́ bátìrì kan lẹ ní, tí owó tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ gbogbo owó tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀, 32 tuntun ni kí ẹ gbé, kí ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ wáráńtì ọdún kan sí. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fa Backlight rẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn, wálẹ̀ díẹ̀; àwọn gílóòbù ẹ̀yìn á pẹ́ sí i, wọ́ọ̀tì á sì dín. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ iná àti wáyà ẹ̀ríà.

A fi fọ́tò funfun wo tòkunbọ̀ yẹn. Àbàwọ́n kan wà ní igun òsì, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ọlọ́jà ní eruku ni. Mo ní kó nù ún.

32 ni wọ́n gbé. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àna mi gbé páálí náà dúró sáàárín orúnkún rẹ̀ títí dé ilé. Ojú tẹlifíṣọ̀n kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun sílẹ̀ lórí kòtò. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: ìdílé yòókù wà lórí àga, ọkọ rẹ̀ sì ti gbé àpótí ìjókòó lọ síwájú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ọ̀lù.