Awakọ̀ méjì nínú tírélà kan: bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí mo gba láísẹ́ńsì

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì onípele G, ti tírélà, ní Ìlọrin, tó sì fẹ́ máa wa tírélà lọ sọ́nà jíjìn, ibi mẹ́ta ló sábà máa ń wò. Ó lè lọ bá ọlọ́kọ̀ aládàáni tó ní tírélà kan tàbí méjì, kó gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n fi mótò bọ́ì kan tì í. Ó lè lọ sídìí ọkọ̀ agbépo. Ó sì lè wá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tó máa ń fi awakọ̀ méjì tí àwọn méjèèjì ní láísẹ́ńsì sínú ọkọ̀ kan, àgbà kan, ẹni tuntun kan. Ibi kẹta yìí ni mo lọ, ibẹ̀ ni mo ṣì wà, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni mo sì fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹjọ́ owó kan wà láàárín wa tí kò tíì tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti láísẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí èmi lọ, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi kọ́ wa. VIO dán wa wò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ya fọ́tò wa, wọ́n gba ìtẹ̀ka wa, káàdì jáde. Òfin ti gbà pé o lè wa ọkọ̀ àjàgbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ti dúró tì ọ́ nígbà tí o fẹ́ fi kọ́ńténà ẹsẹ̀ bàtà 40 rìn sẹ́yìn wọ ọgbà tí ẹnu rẹ̀ há? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbà tí ẹrù sìmẹ́ńtì ń tì ọ́ lẹ́yìn bọ̀ láti orí òkè? Ohun tó kù fún ẹni tuntun láti wá nìyẹn, owó ló sì máa ń jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Owó ọlọ́kọ̀ aládàáni yá. Ìwọ nìkan lo ni owó ìrìn-àjò, oò bá ẹnikẹ́ni pín in. Ṣùgbọ́n mótò bọ́ì ò ní láísẹ́ńsì. Bí oorun bá ń kùn ọ́ ní Ọ̀yọ́, tí ọlọ́kọ̀ sì ń pè pé kí ẹrù dé Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, yálà kí o gbé sítíárì fún ọmọ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tàbí kí o máa jẹ obì kí ojú lè dá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gba káàdì wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá pè wọ́n lálẹ́ tí mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

Ní ti ọkọ̀ agbépo, èrò mi ni pé kí ẹni tuntun má tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Epo kì í dúró jẹ́ẹ́ bí àpò sìmẹ́ńtì. Bí táńkì ò bá kún, ó máa ń gbá síwá sẹ́yìn ni, àgàgà níbi kọ́nà, ó sì lè fa ọkọ̀ ṣubú bí eré rẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. A ò tíì gbàgbé èyí tó ṣubú ní Dikko, ní ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù kìíní ọdún 2025, tí iná jó ènìyàn tó lé ní 80 pa níbi tí wọ́n ti ń bu epo. Kí àgbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa wà á.

Ó wá kan ibi tí mo wà. Ìlànà wọn ni pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìgbé e fún ẹnìkejì. Bí ó bá di agogo méje alẹ́, ibi yòówù kí ẹ dé, ẹ wá ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín wà kí ẹ páàkì. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọkọ̀, ẹ ò lè purọ́ fún wọn. Eré tí òfin fún tírélà ní ọ̀nà márosẹ̀, 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ni wọ́n fi sé ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ẹnu máa ń ya àwọn ará wa tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà nígbà tí mo bá sọ èyí. Lọ́hùn-ún, òfin gba awakọ̀ láyè wákàtí 11 lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí 10. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á máa wà á, ọ̀kan á máa sùn ní ẹ̀yìn, ọkọ̀ ò ní dúró tọ̀sán-tòru, ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ fi ń so ènìyàn pọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ má fọkàn sí èyí níbí. Kò sẹ́ni tó lè sùn nínú ọkọ̀ tó ń já sí kòtò láti Mọ́kwà lọ sí Bídà. Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ sí Kàbbà, tí a ń gbà lọ kó sìmẹ́ńtì ní Obajana, a kì í gbà á lóru rárá nítorí àwọn ajínigbé. Àǹfààní méjì tí àwa ń jẹ ni pé ẹnì kan kì í fi àárẹ̀ wakọ̀, àti pé tí ẹ bá páàkì ní Bódé Sáàdú lálẹ́, ẹnì kan á sùn, ẹnì kan á máa ṣọ́ dísẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Àwọn olè tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì mọ ọkọ̀ tí gbogbo ará inú rẹ̀ ti sùn.

Àǹfààní tó tóbi jù ni ẹni tí wọ́n bá so ọ́ pọ̀ mọ́, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi sọ mí di mótò bọ́ì. Èmi ni mò ń fọ ọkọ̀, èmi ni mò ń lọ ra àmàlà wá, sítíárì ò sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ àyàfi lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin tó tẹ́jú, tó ní apá méjì. Bí a bá ti dé Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ ti ń forí gbárí lójú ọ̀nà tóóró kan náà, á ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń pín ọkọ̀, mo ṣàlàyé. Kò bínú. Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ wa wò, ó rí i pé wákàtí mi ò tó nǹkan, ó sì yí mi padà. Mo gbóríyìn fún wọn gidigidi lórí èyí, torí ibòmíràn wọ́n á ní kí o lọ bẹ àgbà.

Àgbà mìíràn tí a ń pè ní Alfa ni wọ́n gbé mi fún. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, ó máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀, á fa òrùka abẹ́ táńkì afẹ́fẹ́ tí bíréèkì ń lò kí omi tó kó jọ síbẹ̀ lè tú jáde. Á fi irin gbá táyà kọ̀ọ̀kan, á máa fetí sí i. Táyà tó ti jò máa ń dún bọ̀ọ́, kì í ta. Á yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ńténà wò, kó rí i pé àwọn ìdè rẹ̀ wọ ibi tó yẹ. Tí a bá tan ẹ́ńjìnnì, kò ní jẹ́ kí n tú bíréèkì ọwọ́ títí ọwọ́ ìdíwọ̀n afẹ́fẹ́ yóò fi kọjá 100. "Ẹ má kánjú, ọkọ̀ ò tíì mí."

Ibi tí ọ̀nà ti ń dà sílẹ̀ lọ sódò Ọya ní Jẹ́bà ló ti kọ́ mi ní èyí tí mo ń fi ṣiṣẹ́ títí dòní. Ó ní jíà tí mo bá máa fi gun òkè yẹn ni kí n fi sọ̀ ọ́, kí n sì ti yí i kí n tó dé ẹnu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tán, jíà kékeré ò ní wọlé mọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Bíréèkì tí ènìyàn sì ń tẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀ á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí bíréèkì ọwọ́, kò fọwọ́ kàn án. A dé orí afárá jẹ́jẹ́.

Owó ńkọ́? Owó oṣù wà, ó ń wọlé lásìkò. Owó ìrìn-àjò ni wọ́n ń pín: mẹ́fà nínú mẹ́wàá fún àgbà, mẹ́rin fún ẹni tuntun, títí àgbà yóò fi fọwọ́ sí i pé o ti tó. Èmi rò pé ó tọ́, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Èyí tí kò tọ́ ni dísẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá dín, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gé owó wọn dọ́gba, wọn kì í béèrè ẹni tó wà lórí ọkọ̀. Wọ́n gé ti èmi lóṣù tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ sílé ní Ajàṣẹ́, tí ẹlòmíràn bá Alfa lọ. Mo ti kọ̀wé, Alfa náà ti jẹ́rìí, wọ́n ṣì ní àwọn ń wò ó.

Síbẹ̀, bí àbúrò mi bá gba káàdì lọ́la, ọ̀dọ̀ wọn ni màá mú un lọ fún ọdún àkọ́kọ́. Kó béèrè kó tó fọwọ́ síwèé: ta ni àgbà tí ẹ fẹ́ so mí mọ́, wákàtí mélòó ni èmi yóò wà nídìí sítíárì, ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé mo lè ní kí wọ́n yí mi padà, báwo ni ẹ ṣe ń gé owó dísẹ́ẹ̀lì. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé àgbà ló mọ ìgbà tó máa jẹ́ kó di sítíárì mú, kó dá bírò wọn padà.