Chrome àbí Firefox: èwo ni kí ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù fi ṣiṣẹ́?

Aṣàwákiri tí a fi ń ṣí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù ni àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi Chrome nìkan ṣiṣẹ́ ní Kubwa níbí kí n tó gbé Firefox wọlé. Chrome kò burú. Láti ọdún 2008 tó ti jáde, ó ti gbilẹ̀ lórí fóònù Android àwọn oníbàárà wa, a ò lè fojú fò ó. Lighthouse inú rẹ̀, irinṣẹ́ tó ń yẹ ojú ewé wò, náà a máa tọ́ka sí àwòrán tó wúwo jù.

Àmọ́ tó bá di títo nǹkan sójú ewé, Firefox ni tèmi. Ẹ ṣí irinṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, ẹ tẹ àmì "grid" kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CSS yín, ìyẹn kóòdù tó ń to nǹkan sójú ewé. Ìlà á tò káàkiri, tí ẹ bá sì yan "Display line numbers", nọ́ńbà á hàn létí ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ta okùn kó tó to búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwòrán ìró kan ti yọ kọjá ààlà nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún ìyá aláṣọ kan ní ọjà Wuse. Chrome náà ti ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Firefox ló tètè yé mi.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ya ojú ewé jáde ló wà nínú aṣàwákiri kọ̀ọ̀kan. Blink ló ń gbé Chrome, Edge àti Opera. Gecko ni ti Firefox. Ẹni tó bá ti Chrome bọ́ sí Edge, inú ilé kan náà ló ṣì wà.

Chrome àti Firefox, àwọn méjèèjì lè ṣe bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà. Ẹ yan 3G, kí ẹ wo bí iṣẹ́ yín ṣe máa ṣí fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà Lokoja.