Àfàrà tàbí ìdígbó: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ dé ọjà pákó, ẹ ní àfàrà lẹ fẹ́. Onípákó á ní, "Funfun ni àbí dúdú?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ìdígbó ni wọ́n ń pè ní àfàrà dúdú, bẹ́ẹ̀ pákó rẹ̀ ò dúdú rárá, ó pọ́n bí ìyeyè ni. Ọmọ ìyá ni igi méjèèjì (Terminalia làwọn onímọ̀ igi ń pè wọ́n), ṣùgbọ́n ìwà wọn ò bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé òjò máa kan pákó yìí? Bó bá máa kàn án, ìdígbó ni. Kì í tètè jẹrà, bó bá sì ti gbẹ dáadáa, kì í wú púpọ̀, ilẹ̀kùn yín ò ní máa há lóṣù kẹfà. Àfàrà níta? Owó ṣòfò. Ikán àti kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Àléébù ìdígbó ni aró tó wà nínú rẹ̀. Mo fi ṣe férémù fèrèsé, mi ò tíì kun fáníìṣì tí mo ti sọ kọ́tìnì funfun sí i. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, àbàwọ́n bí omi ata ilẹ̀ dúró síbẹ̀ dòní, ọṣẹ ò ran án. Ìṣó irin lásán náà máa ń mú kó dúdú níbi tó bá tutù, ìṣó ọ̀hún á sì dípẹtà. Ìṣó idẹ ni kẹ́ ẹ ní kí káfíńtà lò.

Inú ilé ni ti àfàrà: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, páláńkì pẹlẹbẹ fún ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀. Ó rọrùn láti fá, gọ́ọ̀mù ń mú un, àmọ́ ẹ̀rún rẹ̀ lè yún ọwọ́ káfíńtà. Òun náà ni Gibson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, fi ṣe gìtá Flying V lọ́dún 1958, wọ́n pe pákó náà ní korina. Nígbà míì ìlà dúdú máa ń la pákó àfàrà kọjá. Àwọn òyìnbó ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì. Bí ẹ bá rí i nínú òkìtì, ẹ má jẹ́ kí onípákó rí ayọ̀ lójú yín.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ rin aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fi pa ojú pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bí aṣọ náà bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ìdígbó lẹ ń wò.