Òwú nánò tí wọ́n fi iná ran: TiO2, ZnO, SnO2 àbí Al2O3, èwo ni kí ẹ rà?

Ọ́ksáídì, ìyẹn mẹ́táàlì tó ti dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ni òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: TiO2 ni ti titanium, ZnO ti zinc, SnO2 ti tin, Al2O3 ti aluminium. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òwú náà máa kojú: ṣé ìmọ́lẹ̀ ni, àbí ásíìdì, gáàsì tàbí ooru? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà, torí pé lójú lásán, gbogbo wọn ló funfun báláú.

Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n á po èròjà mẹ́táàlì mọ́ pólímà (èròjà tó jọ ike) bíi PVP, wọ́n á máa tì í jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ iná 10,000 sí 30,000 fólítì. Iná yẹn ló ń fa ẹ̀kán omi náà gùn títí á fi di òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Wọ́n á wá sun ún nínú iná ìléru, ní nǹkan bíi 500 °C, kí pólímà lè jóná tán, kó ku ọ́ksáídì nìkan. Ohun tó bá wọ ìléru kì í jáde bó ṣe wọlé: á sún kì, á sì gbẹgẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú gbé e láìrọra, ó ti rún nìyẹn. Bí ẹnìkan bá gbé ZnO tó ṣeé ká bí aṣọ wá, ẹ bi í bóyá ó tiẹ̀ ti sun ún.

TiO2 àti ZnO, fún fífọ omi mọ́

Àwọn méjèèjì ń lo ìtànṣán ultraviolet láti fọ́ aró àti ìdọ̀tí inú omi sí wẹ́wẹ́. Láti 1972 tí Fujishima àti Honda ti fi TiO2 àti ìmọ́lẹ̀ pín omi ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. ZnO náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ásíìdì ń yọ́ ọ, sódà líle tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ń yọ́ ọ, kódà ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ẹ kán ásíìdì sí i, ẹ ó rí i tó ń pòórá lójú yín. TiO2 ò ní mira. Fún omi, TiO2 ni mo fara mọ́. Àmọ́ ẹ béèrè bóyá anatase ni tàbí rutile, ìyẹn ọ̀nà méjì tí átọ́ọ̀mù TiO2 máa ń gbà tò: bí iná ìléru bá pọ̀ jù, anatase á di rutile, anatase ló sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ yìí jù.

SnO2 àti ZnO, fún sẹ́ńsọ̀ gáàsì

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara òwú, á sì gba ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí carbon monoxide tàbí oru ọtí bá dé, ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù á padà, iná á sì rọrùn láti gba inú òwú kọjá. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà nìyẹn. SnO2 ni mo máa mú. Àìsàn rẹ̀ ni ọ̀rinrin. 200 sí 400 °C ló sì sábà máa ń fẹ́, nítorí náà ẹ ṣírò iná tí ẹ ó máa fi mú un gbóná. ZnO ní ẹ̀bùn tirẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń mú iná jáde.

SnO2 àti TiO2, fún bátìrì lítíọ̀mù

SnO2 ń gba iná púpọ̀, 782 mAh/g (ìwọ̀n iná tí gíráàmù kan lè gbà) lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó ń wú gan-an bó ṣe ń gba lítíọ̀mù, á sì máa fọ́. TiO2 kò gbà tó bẹ́ẹ̀, ìwúsókè rẹ̀ kò sì tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń wá bátìrì tó máa pẹ́, TiO2 ni kó rà.

Al2O3 kò bá wọn du iṣẹ́ wọ̀nyí. Ooru ni tirẹ̀: ó di 2,000 °C kọjá kó tó yọ́, ó sì dára fún àsẹ́ gáàsì gbígbóná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba àwòrán SEM (èyí tí ẹ̀rọ awò ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù yà láti fi òwú náà hàn gàgàrà) tí wọ́n yà *lẹ́yìn* tí wọ́n sun ún, torí pé kó tó wọ iná, kò sí òwú tí kì í dán. Ẹ gba èsì XRD (tó ń fi bí átọ́ọ̀mù ṣe tò hàn), ìwọ̀n ojú BET (bí ojú òwú náà ṣe fẹ̀ tó nínú gíráàmù kan), àti ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi sun ún. Bó bá dé, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ni kí ẹ ti tú u, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu èyí tó bá dà sílẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ.