Fìtílà sólà tí mo lò fún ọdún méjì ní Malekula

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí léèrè fìtílà sólà tí mo gbé lọ sí Vanuatu, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn, mo fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀ ni, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń palẹ̀mọ́ àtilọ. Gbogbo alẹ́ ni mo lo nǹkan yìí láti 2017 títí mo fi kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2019, ní abúlé kan létí òkun ní erékùṣù Malekula, Peace Corps, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ni mo bá lọ, mo yọ̀ǹda ara mi láti máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún fìtílà yìí. Ẹ máa rí ibi tí ẹyọ kan yẹn bá lọ.

Bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé irú iṣẹ́ yẹn wà. Ọdún 1961 ni Peace Corps kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wọn ló kọ́ bàbá mi ní sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdírì, títí dòní tí wọ́n bá ń ròyìn ọkùnrin yẹn ńṣe lojú wọn máa ń tàn. Ìgbà tí mo wá gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, mo ní èmi náà á lọ.

Vanuatu ju ọgọ́rin erékùṣù lọ, àárín òkun Pàsífíìkì ló wà. Ní Port Vila tó jẹ́ olú ìlú wọn, iná wà, àmọ́ ní abúlé tèmi kò sí òpó iná kankan, kò sí wáyà, iná ò débẹ̀ rí. Tó bá ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ẹ sì wo iṣẹ́ tíṣà, ọ̀sán kọ́ lo máa kọ lẹ́sìnnoòtì, ọ̀sán kọ́ lo máa máàkì ìwé ọmọ bí ogójì, alẹ́ ni. Tí fìtílà ò bá dáa, àwọn ọmọ ló máa jìyà ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Méjì ni mo gbé lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni oníke tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí bíi bọ́ọ̀lù, ó fúyẹ́, ó rẹwà, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ má rà á tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa pẹ́ lẹ̀ ń lọ. Orí ẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì wà, torí náà gbogbo ara ẹ̀ ló máa wà nínú oòrùn látàárọ̀, oṣù kẹrin ike ẹ̀ ti gan, ó sán, atẹ́gùn ń jò, ó di jákujàku.

Èkejì ni mò ń sọ. N ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, irú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, bíi dọ́là márùndínláàádọ́ta ni mo rà á. Ara ẹ̀ le, pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, wáyà ló so wọ́n pọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí mo lè gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, ewé natangura ni wọ́n fi ń bolé níbẹ̀, kí fìtílà fúnra ẹ̀ sì wà lábẹ́ ibòòji. Tó bá sá oòrùn láti àárọ̀ dé bíi aago mẹ́ta, ó ti kún. Ìpele mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Àárín ni mo máa ń lò, ó sì máa ń bá mi dé ìdájí bí mo bá gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ alẹ́ kan fún yín. Mama tó gbà mí sílé ń rin iṣu fún laplap, oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, ewùrà ni o, ewùrà wa yìí gan-an, irú páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára tí ìyá àgbà mi fi ń rin ti ìkọ́kọrẹ́ ní Ìjẹ̀bú ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo gbé fìtílà sórí àpótí láàárín wa. Èmi ń máàkì, ọwọ́ wọn ń lọ ń bọ̀ lórí páànù, omi ewùrà ń kán láti ìka wọn, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní kíláàsì mẹ́ta sì jókòó sídìí ìmọ́lẹ̀ kan náà, ó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ọmọ yìí kì í la ẹnu ní kíláàsì rárá. Ó dé orí ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó dákẹ́, ó fi àtàǹpàkò bo ìdajì ẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn, ó pe ìdajì àkọ́kọ́, ó ṣí ìdajì kejì, ó wá pè é papọ̀. Ìyá ẹ̀ dáwọ́ iṣu dúró. Wọ́n ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí, mi ò parọ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tẹ́ ewé, wọ́n da ewùrà rírin sí i, wọ́n kó ẹ̀fọ́ kan tó ń yọ̀ bí ilá lé e, aelan kabis ni wọ́n ń pè é, wọ́n fún omi àgbọn sí i, wọ́n wé e, òkúta gbígbóná ni wọ́n fi sè é. Mo jẹ ẹ́ yó, ilé ń sọ mí. Èdè wọn náà ò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Èdè ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àmọ́ Bislama ni gbogbo wọn jọ ń sọ, ẹni tó bá ti gbọ́ pijin tiwa, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ ọ, pikinini ni ọmọ, save ni kéèyàn mọ nǹkan, àfi bíi pikin àti sabi.

Ó kù díẹ̀ káàtó fún fìtílà yìí níbì kan, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó kéré jù ṣì pọ̀. Nakamal ni ibi táwọn ọkùnrin ti ń mu kava nírọ̀lẹ́, kava kì í ṣe ọtí, gbòǹgbò ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n á sẹ́, èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń mu ún, ẹnu á kú. Ẹni tó bá mu ún kì í fẹ́ ariwo, kì í fẹ́ iná lójú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọlé ní títàn, bàbá àgbàlagbà kan fi ọwọ́ bojú, mo yára pa á, mo bẹ̀ wọ́n. Látìgbà yẹn mo máa ń fi áńkáṣíìfù wé e kí n tó débẹ̀.

Ó ń ṣáàjì fóònù náà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Gbogbo àdúgbò ló gbé fóònù wá, ta ni mo fẹ́ lé, àwọn tó ń fún mi lóúnjẹ ni, alẹ́ á wá lẹ́ fìtílà ti kú. A fi í sí Sátidé nìkan, gbogbo wa sì gbà.

Ẹyọ kan tí mo yọ nìyí: ojúhò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi bò ó já láàárín oṣù mélòó kan, atẹ́gùn òkun kún fún iyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, àárọ̀ ọjọ́ kan mo ki wáyà bọ̀ ọ́, kò gbà. Mo kọ̀wé sáwọn tó ṣe é, wọ́n ní kí n dá a padà kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti Malekula! Ó dùn mí gan-an, torí nǹkan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé erékùṣù, ó yẹ kí wọ́n ti ro ti iyọ̀ mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti spírítì díẹ̀ ni mo fi nu ún, ó padà gbà, láti ọjọ́ náà mo ń nu ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi àpò ìrẹsì bò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á, bátìrì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ìgbà òjò àti ìjì níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2019 ìjì Oma dúró lórí òkun nítòsí wa bí ẹni tí kò níbì kan tó ń lọ, òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru, a ò rí oòrùn sójú. Inú ilé ìdáná kan ni gbogbo wa sùn, mo lo ìpele tó kéré jù, tí a bá fẹ́ wo òrùlé tàbí tọ́mọ bá jí nìkan la máa ń tàn án, ọjọ́ kẹrin ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pupa. Lọ́jọ́ tí oòrùn yọ, ẹní ti rin gbingbin, aṣọ ti rin, àmọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni Mama ní kí n kọ́kọ́ gbé síta.

Mi ò gbé e bọ̀ wálé. Àárọ̀ tí mo ń lọ, mo kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojúhò ẹ̀, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó wá dá a padà sínú àpò ìrẹsì.