Kọ́là aṣọ tí mo rà fún ológbò mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ó tù ú lára, ṣùgbọ́n ẹ wọn ọrùn dé imú kí ẹ tó rà á

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ológbò yín lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí ẹ sì ń wá kọ́là (ohun tí wọ́n ń fi yí ọrùn ẹran ká kó má bàa lá ojú abẹ) tí kò ní fìyà jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọn gígùn rẹ̀ láti ọrùn dé imú. Bí kọ́là bá kúrú, rírọ̀ rẹ̀ kò wúlò.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti Wúrà, ológbò mi, ń gbé. Nígbà tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n gbà là á, bí ọ̀pọ̀ dókítà ẹran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ ikùn ló wọ́pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gbà là á yìí kò sì jìnnà sí ahọ́n ológbò rárá. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló kún orí ahọ́n yẹn, gbogbo wọn dorí kọ ọ̀fun, wọ́n sì le bí èékánná. Tó bá ráyè lá ojú abẹ léraléra, yóò tú u.

Kọ́là ike líle tí wọ́n fún wa dáàbò bo ọgbẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á. Wúrà ń fi ẹ̀yìn rìn káàkiri pálọ̀, ó ń wá bó ṣe máa bọ́ nínú rẹ̀. Etí ike ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń gbá ẹsẹ̀ àga. Ó tún ń lá inú ike náà, bó ti ń gbìyànjú láti tọ́jú ara tí ẹnu rẹ̀ kò dé. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Sydney ṣe, tó jáde lọ́dún 2020, rí i pé bíi 77 nínú 100 àwọn tó ń sin ajá àti ológbò ló ní ayé nira fún ẹran wọn nígbà tó wọ kọ́là. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Èyí tí mo wá rà jẹ́ aṣọ tí fóòmù fẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rán ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kó má bàa ká. Velcro, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, ni wọ́n fi ń dè é. Kò tó pọ́n-ùn 15. Alẹ́ ọjọ́ tí mo fi sí i lọ́rùn, Wúrà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé etí aṣọ náà bí ìrọ̀rí, ó sùn fọnfọn. Kò sùn bẹ́ẹ̀ nínú ike.

Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ̀n ọrùn nìkan ni ẹni tó ń tà á kọ síbẹ̀. Èyí tó bá ọrùn Wúrà mu ni wọ́n fi ránṣẹ́, imú rẹ̀ sì yọ síta. Mo dá a padà, mo gba èyí tó tóbi jù ú lọ, mo wá fún Velcro rẹ̀ mọ́ra. Etí kọ́là gbọ́dọ̀ kọjá imú díẹ̀, kí ìka méjì sì lè wọ àárín kọ́là àti ọrùn.

Aṣọ kò lágbára tó ike ṣá. Tí Wúrà bá fi ti ẹ̀gbẹ́ àga, ó máa ń ká díẹ̀. Nítorí náà, tí mi ò bá sí nílé, ike ni mo ń fi sí i. Tí mo bá wà nítòsí, aṣọ ni. Oúnjẹ máa ń ta sí i, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ tí mo bá fọ̀ ọ́. Àwo pẹlẹbẹ tó kéré ju ẹnu kọ́là lọ, tí mo gbé ka orí àpótí kékeré, ló jẹ́ kó lè jẹun láìtú u. Mo ṣí ọmọrí kúrò lórí ibi tó ń yàgbẹ́ sí, mo sì da ìwé yíya síbẹ̀ dípò yanrìn, kó má bàa lẹ̀ mọ́ ojú abẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Mo kọ̀. Ọrùn ológbò rọ̀ jù fún un. Wúrà yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ yóò sì dé ọgbẹ́.

Ọjọ́ 10 sí 14 ni dókítà ní kó fi wọ̀ ọ́. Ojú abẹ jinná, kò wú, kò ṣomi. Mo fún un ní 4 nínú 5. Àtẹ ìwọ̀n yẹn ló gba ìyókù. Tí ológbò yín bá ní imú gígùn bíi ti irú ológbò tí wọ́n ń pè ní Siamese, ẹ má ra kékeré rárá.