Plate Motion Calculator: ibo ni Ilé-Ifẹ̀ ń rìn lọ?

Ní Ifẹ̀, gbogbo ọmọdé ló ti gbọ́ ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ẹ́ márùn-ún tó tan ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ilẹ̀ náà ò tíì dúró. Lọ́dọọdún, gbogbo ìlú ń sún ní nǹkan bíi mílímítà 29, ó ń forí lé àárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Ohun tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ni Plate Motion Calculator, èyí tí UNAVCO, àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń wọn ìrìn ilẹ̀, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Ní 2023, UNAVCO àti àjọ IRIS tó ń ṣèwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ EarthScope.) Ọ̀fẹ́ ni. Olùkọ́ jọ́gíráfì tó bá ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè lò ó nínú kíláàsì.

Látítíúdì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí lọ́ńgítíúdì tẹ̀ lé e: Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ 7.48 àti 4.56, Iléṣà jẹ́ 7.62 àti 4.74. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí ẹ bá kọ wọ́n ní òdìkejì, etí òkun nítòsí Òpòbò lẹ ń ṣírò. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú 4.56, ẹ ti dé agbègbè Bouaké ní Ivory Coast. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé èsì ò ní yàtọ̀ púpọ̀, torí orí àwo ilẹ̀ kan náà (ọ̀kan nínú àwọn ege ńláńlá tí ojú ilẹ̀ ayé pín sí, tí wọ́n sì ń rìn) ni gbogbo wọn wà. Ẹ tún nọ́ńbà yín wò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Lẹ́yìn náà ni yíyan àwo ilẹ̀. Nubia, àwo tó gbé apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ni kí ẹ yàn fún wa. Áfíríkà kì í ṣe ẹyọ kan mọ́: àfonífojì ńlá ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ti ń la àwo Somalia kúrò lára Nubia. Ẹni tó bá yan Somalia fún Ifẹ̀ á gba nọ́ńbà tó jọ òótọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiwa.

Ní ti mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àkójọ ìwọ̀n tí ohun èlò náà fi ń ṣírò, ITRF2014 dúró lórí ohun tí sátẹ́láìtì wọ̀n láyé òde òní. MORVEL ní tirẹ̀ ń wo àmì tó wà lára ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó sì ń fún wa ní ìwọ̀n ìrìn tó jẹ́ ti nǹkan bíi 780,000 ọdún, ní ibòmíràn ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Fún iṣẹ́ sọ́fè, ITRF ni. Fún ọjọ́ iwájú tó jìnnà, ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Pẹ̀lú ITRF2014, Ifẹ̀ ń lọ sí àríwá ní mílímítà 19 lọ́dún, sí ìlà-oòrùn ní 22. Nínú mílíọ̀nù 10 ọdún, èyí á di kìlómítà 190 àti 220. Látítíúdì kan tó kìlómítà 111, nítorí náà Ifẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 9.2, ibi tí gúúsù Minna wà lónìí. (Minna náà á ti rìn lọ.) Ní mílíọ̀nù 50 ọdún, a ti kọjá àríwá Adágún Chad, a ti wọ Sàhárà.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró. Ìrìn òde òní nìkan ni ohun èlò yìí mọ̀. Ìsọdipúpọ̀ la fi ṣe ìyókù. Áfíríkà ń ti Yúróòpù lọ́wọ́lọ́wọ́, Òkun Mẹditaréníà sì ń kéré sí i. Bí ilẹ̀ bá ti kọlu ilẹ̀, ìyára rẹ̀ á yí padà. Ti Àtìláńtíìkì tilẹ̀ díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yan South America gẹ́gẹ́ bí ibi tí a fi ń wọn Nubia, ẹ ó rí i pé a ṣì ń jìnnà sí ara wa ní nǹkan bíi mílímítà 28 lọ́dún. Àmọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì lábẹ́ erékùṣù Lesser Antilles àti South Sandwich. Bí rírì yẹn bá tàn dé etíkun Amẹ́ríkà, Àtìláńtíìkì á padé. Àwòrán tí onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, Christopher Scotese, yà ti mílíọ̀nù 250 ọdún sí iwájú nìyẹn, Pangaea Ultima, tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà tún so pọ̀. Bí kò bá tàn, Pàsífíìkì ló máa padé, ohun tí wọ́n ń pè ní Novopangaea. Àbá kẹta, Amasia, sì kó ilẹ̀ jọ sí apá àríwá pátápátá. Kò sí èyí tí ẹ lè rí lójú ohun èlò yìí, nọ́ńbà lásán ló ń fúnni.

Síbẹ̀, onísọ́fè ló yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Òpó ààlà tí a fi sátẹ́láìtì wọ̀n ní Iléṣà ní 2014, tí a tún wọ̀n ní 2024 lórí ITRF, á fi sẹ̀ǹtímítà 19 yàtọ̀ sí àríwá, 22 sí ìlà-oòrùn. Aládùúgbò ò gbé òpó náà kúrò. Ẹ kọ ọdún tí ẹ wọ̀n ọ́n àti orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, kí ẹ yọ ìrìn ọdún mẹ́wàá náà kúrò, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè ilẹ̀.